Àkókò Ọlọ́run Kò Tíì Tó

Obìnrin aránṣọ kan gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lé itan, ó ń bá a gé èékánná, nígbà tí Tíṣà, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tún wọlé wá bẹ̀bẹ̀. Èékánná náà le bí ìwo, ó sì ń rùn. Ó rí aránṣọ náà lára.

Kọ́tìnnì ilé ẹ̀kọ́ ni Tíṣà gbé wá fún un láti rán tí wọ́n fi mọra. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀rín rẹ̀ tutù, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára kíá. "Ìyàwó mi ọ̀la" ló ń pè é. Ọ̀la yẹn kò dé. Bàbá tí aránṣọ ń fọ aṣọ fún, tó ń se oúnjẹ fún, pásítọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, á dijú, á gbàdúrà, á ní, "Àkókò Ọlọ́run kò tíì tó."

"Bàbá, àkókò èwo?" ni Tíṣà wí. "Aago orí òkè ń yá ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lè sáré bí ìmọ́lẹ̀ kò ní tètè gbó. Àkókò kò dọ́gba níbi gbogbo."

"Ti Ọlọ́run ni mo wí, Tíṣà oníwèé."

"Ọlọ́run tó dá àkókò kò sí lábẹ́ rẹ̀, sà. Àná àti ọ̀la wà níwájú rẹ̀ pọ̀. Lójú tirẹ̀, a ti ṣègbéyàwó tán."

Ọkàn aránṣọ fò fáyọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá ti ṣe é tán lójú Ọlọ́run, kí lẹ wá ń kánjú sí?"

Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Háà! Bàbá, ẹ pa mí láyò! Ọ̀rọ̀ yẹn jinlẹ̀."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ yíjú sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ká lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ lọ́la?"

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká fún Bàbá láyè díẹ̀ sí i. Ṣé o rí i, àkókò..."

"Panu mọ́. Ewú ti wà lórí mi. Èmi ò gbé orí òkè, n ò sì bá ìmọ́lẹ̀ sáré. Bàbá, mo gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹni tí kò sí lábẹ́ aago kì í sọ pé kò tíì tó. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Èmi lo ń bú?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì ń rí mi lára ni."

Ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ó fọwọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ. Tíṣà ń ké pè é títí dé títì. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn.

Tíṣà padà wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, ebi dé. Ọkùnrin méjì ló kù nínú ilé náà, kò sì sí èyí tó mọ ibi tí iyọ̀ wà.