Apá Irin Tí Kò Tẹ̀

Ọkọ̀ ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó ni ín. Ọkọ̀ ọ̀hún ń fò bọ̀ láti orí òrùlé ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbé mọ́tò sí, táyà ràgàjì mẹ́rin ń yí lófuurufú, ó tóbi tó ewúrẹ́ tó lóyún. Gbàgà! Ó bọ́ síwájú bàtà rẹ̀, ó ta padà, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó wá nà gbalaja bí aláǹgbá tó já látorí igi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o!" Ohùn kan ké látòkè. "Ṣé ó bà yín?"

"Kò bà mí. Ṣé ẹ fẹ́ kó bà mí ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré sọ̀kalẹ̀, rìmóòtù ń mì dìrọ̀dìrọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò. Ìgbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán ló tó gbójú sókè.

"Àṣé ọkọ̀ lẹ kọ́kọ́ máa ń kí," ọmọbìnrin náà sọ.

"Òun ló ṣubú, ẹ̀yin ṣì dúró."

Ẹ̀rín pa á. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Jùúsókè ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ó ń bá ṣọ́ọ̀bù kan ṣiṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ onírìmóòtù, àwọn tí ẹ́ńjìnnì iná wọn ò ní búrọ́ọ̀ṣì tó máa ń tètè jẹ tán nínú, tí kì í rẹ̀ wọ́n bọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé agbára wọn gan-an ló máa ń fọ́ ara tó gbé wọn. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó mú èyí tó bá dé tuntun, kó fi fò, kó fi gbá ògiri, kó jù ú látorí òrùlé títí nǹkan máa fi ṣẹ́, kó wá kọ ohun tó kọ́kọ́ ṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ èyí tó máa tọ́jọ́. Ọmọbìnrin náà ńkọ́? Sísí Onírin. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá náà.

Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé tí iṣẹ́ bá ti parí, orí òrùlé yẹn lẹ máa bá Sísí lọ́dọ̀ ẹ̀.

"Kí gan-an lò ń fayé ẹ ṣe?"

"Mo ń fọ́ nǹkan."

"Ṣé o ò ní fọ́ mi báyìí?"

"Ìwọ? Ọkàn mi, ìwọ lo máa fọ́ mi."

Ẹ ò rí bàbá Sísí nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń fẹ́ra! "Ẹni tó ń fi fífọ́ nǹkan jẹun! Tó bá fọ́ gbogbo ọkọ̀ tán, ṣé ilé mi kọ́ ló kàn?"

"Bàámi, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ọmọdé. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi í jọ̀gá níbẹ̀ ni kó wá rí mi. Kó tó dìgbà yẹn, mi ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀kùn mi."

Àfi bíi pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ náà gbọ́. Ọkọ̀ tuntun kan dé, ó ní tí Jùúsókè bá lè rí ọgbọ́n dá sí i tó fi máa fò látorí òrùlé yẹn nígbà ọgọ́rùn-ún láìfọ́, òun máa fi í jọ̀gá àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n apá oníke tó di táyà iwájú mú ń ṣẹ́ ṣáá. Ó ṣẹ́ nígbà tó fò dé ọgbọ̀n. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó tún ṣẹ́ ní méjìlélógójì.

Ni Sísí Onírin bá fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ apá méjì tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Jùúsókè yí wọn lọ́wọ́ títí.

"Wọ́n rẹwà ju ohun tí wọ́n ń jù látòkè lọ."

"Má fi wọ́n ṣẹ̀ṣọ́ fún mi o. Jọ̀ọ́, dè wọ́n mọ́ ọn."

Fífò àkọ́kọ́ títí dé àádọ́rin, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di mọ́kànléláàádọ́rin, ọkọ̀ náà fi táyà kan ṣoṣo balẹ̀. Ike ì bá tẹ̀, tàbí kó ṣẹ́, kó jẹ ìyà náà. Irin ò tẹ̀. Ó gbé gbogbo ẹ̀ fún ikùn ọkọ̀, ikùn ọkọ̀ là sí méjì, ojú ibi tó là sì gún bátìrì wọlé.

Bátìrì yẹn wú. Ó ń dún ṣììì, ó ń rú èéfín. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ̀: tírú bátìrì bẹ́ẹ̀ bá rú èéfín, sá. Àmọ́ ìdí ẹ̀ ni Jùúsókè sá lọ.

"Fi sílẹ̀!" Sísí ń ké. "Fi sílẹ̀, mo ní kó o fi sílẹ̀!"

Iná sọ. Kò fi sílẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń darí ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin Jùúsókè, tó tọ́ ọ dàgbà, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ lo gbẹ́ irin yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Padà sílé ẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé e. Kò jẹun mọ́. Ó máa dúró sídìí ẹ̀rọ, irin á wà níwájú ẹ̀, kò ní gbẹ́ nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ń wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá náà paná ẹ̀rọ tirẹ̀ láàárín iṣẹ́.

"Dìde. Jẹ́ ká lọ."

Bí bàbá náà ṣe dé ọ̀hún, kò dúró gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ. Ó wọlé tààrà, ó dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo rí irin yẹn lórí tábìlì ọmọ mi kó tó gbẹ́ ẹ tán," ó ní. "Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé ohun tí kò bá tẹ̀, nǹkan míì ló máa ṣẹ́ nítorí ẹ̀. Mo sì dákẹ́. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn fọ́, kó o má baà jọ̀gá, kó o má baà wá sílé mi. Ti iná yẹn nìkan ni mi ò rò."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

"Bàámi," Sísí ní. Ó rìn sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, bí ẹni tó ṣèèṣì fara kan àjèjì.

Orúnkún bàbá náà ti ń tẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Jùúsókè na ọwọ́ òsì sí i. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ ò ní kí n tọwọ́ bọ iná."

"Kí ló wá dé tó o fi tọwọ́ bọ̀ ọ́?" Jùúsókè ni Sísí wá kọjú sí báyìí. "Torí fífò ọgọ́rùn-ún yẹn?"

"Ọkọ̀ yẹn ti kú, mo mọ̀. Apá tó o gbẹ́ fún mi ni mo fẹ́ yọ."

"Irin! Mo lè gbẹ́ ogún irú ẹ̀! Ta ló máa bá mi gbẹ́ ìka? Ọ̀dẹ̀!" Ó ti ń sunkún. "Ọ̀dẹ̀ burúkú!"

"Ọ̀dẹ̀ ni mí, ọkàn mi." Ó wo bàbá náà. "Bàbá, mi ò jọ̀gá. Mi ò tiẹ̀ níṣẹ́ mọ́ báyìí. Àmọ́ mo ṣì ń tọrọ ọmọ yín."

Bàbá lanu, Sísí sì ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀. "Ẹ má dáhùn, Bàámi. Ẹ ti sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dákẹ́." Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Èmi ni kó o bi."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mi ò tíì dárí ji Bàámi. Mi ò sì tíì dárí ji ìwọ náà. Àmọ́ mo máa fẹ́ ẹ."

Ẹ̀gbọ́n nu ojú, ó fa àga kan síwájú. "Wá, jókòó. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò yẹn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni. Àbúrò mi á pariwo o, mo ń sọ fún ẹ."

"Kó pariwo."

Sísí ká apá aṣọ ẹ̀ sókè, ó fọ ọwọ́. Bàbá rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kóun lọ ni àbí kóun dúró.

"Bàámi," ó ní, kò wẹ̀yìn, "ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn."

Bàbá di ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ bọ́ síta.

"Ẹ wọlé kẹ́ ẹ tó tì í."