Kí A Tó Da Òróró Sórí Píkọ́ọ̀pù

Ní Ìjù-Ọ̀tà, bí ènìyàn bá ra ọkọ̀, kì í rọra gbé e wọlé. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ á da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìjọ á na ọwọ́ sí i, a ó kọrin, a ó jó yí i ká, ẹni tó ni ín á sì ra míńírà fún gbogbo èèyàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti jó yí ọkọ̀ ká rí, mo sì mu míńírà méjì.

Kò sí aburú nínú àdúrà. Ohun tó yẹ kó ṣáájú àdúrà ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gbọ́ládé àti Jabez.

Gbọ́ládé fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà ní Ọ̀tà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ọjà kò lọ mọ́, wọ́n dá òun àti àwọn mìíràn dúró. Wọ́n fún un lówó, wọ́n ní ó ṣeun. Owó yẹn nìkan ló rí mú wálé fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó pinnu láti fi ra píkọ́ọ̀pù kékeré. Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ ń ta ike ní Ìyànà Iyesi, ó sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ọlọ́jà ń wá ẹni tó máa bá wọn kó ẹrù láti ilé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ ńlá ti wọ́n jù fún wọn, kẹ̀kẹ́ Márúwá kò sì gba ẹrù tó pọ̀. Píkọ́ọ̀pù kékeré gan-an ló bá iṣẹ́ náà mu.

Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ti ń gbọ́ ọ, Arákùnrin Jabez tí wọ́n jọ ń kọrin nínú kúáyà fẹ́ ta tirẹ̀. Ó ti lò ó fún ọdún kan, ó fẹ́ fi owó rẹ̀ kún owó bọ́ọ̀sì. Gbọ́ládé mú mẹkáníìkì lọ wò ó. Mẹkáníìkì tẹ iná sí i, ó fetí sí i, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko. Gbọ́ládé kò dúró gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọ̀sán Sátidé, Olúkẹ́mi ń to abọ́ ike sínú àpò, ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì Jùwọ́n, ṣé ẹ ti rí pátíkúlà ọkọ̀ yẹn?"

"Pátíkúlà kẹ̀? Ó wà nínú ọkọ̀ náà."

"Mo ní ṣé ẹ ti rí i."

Gbọ́ládé gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Màmá Jùwọ́n, ṣé Jabez ni kí n wá máa yẹ ìwé ẹ̀ wò bí ọlọ́pàá? Ẹni tá a jọ ń dúró sórí ìlà kan náà nínú kúáyà? Nígbà tí ara Àdúràolúwa ọmọ wa ò yá, ta ló gbé wa lọ ọsibítù? Ọkọ̀ yẹn gan-an ló fi gbé wa."

"Mi ò ní èèyàn burúkú ni."

"Tí mo bá bi í, ohun tó máa gbọ́ nìyẹn."

Olúkẹ́mi padà sídìí abọ́ ike rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin ará wa. Ojú máa ń tì wá láti bi ẹni tí a mọ̀ ní ìbéèrè tí a ó bi àlejò láìmikàn.

Ohun kan ló kó Gbọ́ládé yọ, kò sì mọ̀. Kò tíì sanwó. Òun àti Jabez ti jọ fi àdéhùn sí i pé bí Pásítọ̀ bá ti ṣe àmín tán, níbẹ̀ gan-an ni òun ó ti fi owó náà ránṣẹ́ láti orí fóònù, kí owó àti ìbùkún lè jọ rìn pọ̀.

Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ Ìsinmi, píkọ́ọ̀pù funfun náà ti wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n so ríbọ́nù mọ́ ọn. Jabez wọ kóòtù. Gbọ́ládé ń rẹ́rìn-ín láìdákẹ́. Pásítọ̀ Ànúolúwapọ̀ jáde sí wọn pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́.

Ibi tí Màmá Lucy ti dá sí i nìyí. Òun ló ń darí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n kó tó fẹ̀yìn tì, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ ló ti ṣiṣẹ́. Ó gbọ́n ju ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàárín èrò lọ.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní. "Ọkọ̀ nìkan kọ́ ló nílò àdúrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ náà wá, ká jọ gbà á sí i."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá."

Jabez fa ìwé náà yọ nínú láílọ́ọ̀nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá àgbà. Màmá Lucy gbé gíláàsì sójú. Gbogbo èèyàn ti dijú fún àdúrà, òun ń kàwé.

"Jabez ọmọ mi, ta ló ń jẹ́ Ṣótúndé?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Orúkọ tó wà lára ìwé nígbà tí mo rà á nìyẹn."

"O ò yí i sórúkọ ara rẹ?"

"Ẹni tó tà á fún mi ní kò pọn dandan, mà. Wọ́n ní àwọn náà ò yí i. Àgbà ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wà tẹ́lẹ̀ ní Sango, mi ò lè máa bá wọn jiyàn."

"Bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń wá. Gbogbo ọkọ̀ ló ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin ara rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nọ́ńbà ṣásì ni a ń pè é, kò sì yẹ kí ọkọ̀ méjì jọ ní ẹyọ kan náà. Nọ́ńbà yẹn ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Mẹkáníìkì Gbọ́ládé kò wò ó, nítorí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ní kó wò.

Màmá Lucy fi tíṣù nu ìdọ̀tí ara irin náà. Ó na ìwé sí Olúkẹ́mi. "Máa ka ti inú ìwé, kí n máa ka ti ara irin."

Wọ́n jọ ka mẹ́ta àkọ́kọ́, ó bára mu. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹrin, Olúkẹ́mi pe méje, Màmá Lucy pe méjì. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Láti ìkẹrin lọ dé òpin, kò sí èyí tó bára mu mọ́. Àdúrà ti dúró nígbà náà, gbogbo èèyàn ti lajú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà," Gbọ́ládé sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Gbogbo ìjọ ló ń wò wá."

"Gbọ́ládé, ìwé ọkọ̀ mìíràn nìyí. Ó lè jẹ́ àṣìṣe ẹni tó kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n jí ọkọ̀ yìí ni. Mi ò mọ èyí tó jẹ́, ìwọ náà ò mọ̀. Ṣé o fẹ́ fi owó ọdún mọ́kàndínlógún ra ohun tí o ò mọ̀ ni?"

Jabez yíjú sí i. "Màmá, ṣé olè lẹ wá ń pè mí?"

"Rárá, ọmọ mi. Olè ò ní gbé ọkọ̀ tó jí wá síwájú Pásítọ̀, kó tún dúró ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Tí wọ́n bá dá ọ dúró lójú títì Ìdí-Ìrókò lọ́la, kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

Pásítọ̀ dé ìgò òróró.

"Ẹ lọ wádìí," ó ní. "Tí ó bá mọ́, ẹ gbé e padà wá. Ọlọ́run ò ní kánjú lọ."

Àwọn kan kùn. Wọ́n ní Màmá Lucy ti dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Gbọ́ládé kò kí i kó tó lọ sílé, inú bí i gan-an. A máa ń bínú sí ẹni tó fà wá sẹ́yìn lẹ́bàá kòtò, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni a rí, a kò rí kòtò.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, Màmá Lucy fúnra rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn Jabez. Ó ní kó má sá, kó má sì tọ́jú ọkọ̀ náà pamọ́, òun á tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ gbé píkọ́ọ̀pù náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Jabez, Màmá àti Gbọ́ládé tí inú ṣì ń bí.

Ó gba ọjọ́ mélòó kan kí èsì tó jáde. Ìwé yẹn jẹ́ ti píkọ́ọ̀pù mìíràn tó ti fọ́ nínú ìjàǹbá. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, wọ́n jí i gbé ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Itele ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn tó jí i kò tilẹ̀ dààmú láti pa nọ́ńbà ara irin rẹ́. Wọ́n mọ̀ wá dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó.

Wọ́n ránṣẹ́ pe obìnrin tó ni ín. Tẹjúmọ́lá lorúkọ rẹ̀, búrẹ́dì ló ń pín. Ó kó ìwé rẹ̀ gan-an wá, nọ́ńbà sì bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó gbé ọwọ́ lé e, ó bú sẹ́kún.

"Orí ọ̀kadà ni mo ti ń gbé búrẹ́dì láti ọjọ́ yẹn," ó ní. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Jabez. "Ẹ ṣeun tí ẹ fẹsẹ̀ ara yín gbé e wá."

Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe parí fún Jabez nìyẹn. Ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní kó mú àwọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Nígbà tí wọ́n dé Sango, àgbà ìjọ ti kó lọ, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé mọ́. Nítorí pé Jabez fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ náà wá, wọ́n jẹ́ kó lọ sílé, ṣùgbọ́n ó ń padà lọ sí àgọ́ títí di òní bí wọ́n bá ti pè é. Ọkọ̀ lọ, owó lọ.

Lọ́jọ́ tí Tẹjúmọ́lá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, Gbọ́ládé àti Jabez jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta àgọ́.

"Jabez, jọ̀ọ́, máà bínú. Tèmi yọ, tìẹ lọ."

"Kí lo wá ń bẹ̀ mí fún?" Jabez ń wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ bi bàbá yẹn léèrè o, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ rà á. Ó ti dé ẹnu mi. Mo wá wo irun funfun orí wọn, mo bá gbé e mì."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Gbọ́ládé rí píkọ́ọ̀pù mìíràn rà. Díákónì ló ń tà á. Ó bèèrè ìwé, díákónì fajú ro, ó sì tún un bèèrè. Jabez ló tẹ̀ lé e lọ, òun ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ka nọ́ńbà ara irin sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀tà, ní Sango, ní Itele àti níbi gbogbo, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ wo orúkọ tó wà nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ẹni tó ń tà á, ẹ ní kó mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orúkọ náà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi nọ́ńbà ara irin wé ti inú ìwé, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ojú lásán kò tó. Mẹkáníìkì dára, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó le koko kò sọ ẹni tó ni ọkọ̀.

Ẹ kọ àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ bá sì ti rà á tán, ẹ yí i sí orúkọ yín kíá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà náà, ẹ rí i pé ẹni tó rà á yí i. Bí ọkọ̀ tí ẹ tà bá lọ dá ọ̀ràn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá sílé.

Bí ẹni tó ń tà á fún yín bá sì bínú pé ẹ bèèrè ìwé, ìbáà jẹ́ ará ìjọ, ìbáà jẹ́ àna yín, ẹ jẹ́ kó bínú. Tó bá dọ̀la, a lè bẹ̀ ẹ́, yóò sì rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá Jabez bẹ owó rẹ̀ kó padà wá.