Àwòrán Tó Kọ́kọ́ Yọjú

Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn omidan aránṣọ kan nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù onífídíò, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. Onífídíò gbójú sókè lára kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹ gbà mí o, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́!

"Fídíò tí bàbá mi ṣe kí wọ́n tó kú ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí," aránṣọ náà wí. "Ẹ bá mi gbé e sórí díìsì fún màmá mi. Èmi àti àwọn ń kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílùú òkèèrè lóṣù tó ń bọ̀."

"Tí wọ́n bá ti díìsì bọ ẹ̀rọ, àwòrán kan á kọ́kọ́ yọ, a ó wá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí àwòrán yẹn. Àwòrán ta ni ká fi síbẹ̀?"

"Ti bàbá mi."

Kò pẹ́ tó tún fi dé: búlúù etí àwòrán dú jù. Ó tún dé: ojú bàbá kéré.

"Ẹ̀yin náà le o!" onífídíò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Aránṣọ ni mí. Èyí tí ò bá jókòó dáadáa, títú ni."

Tó bá ti lọ, ṣọ́ọ̀bù a dá páropáro, ọkàn onífídíò a sì máa fà á. Àmọ́ kí ló fẹ́ sọ fún ẹni tó ti ń di ẹrù?

Ibì kan wà nínú fídíò náà tí aránṣọ ti gbórí sókè nídìí máṣíìnì, tó ń rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀. Onífídíò dá a dúró níbẹ̀, ó fi ṣe àwòrán díìsì mìíràn fún ara rẹ̀ nìkan. Ó ń wò ó títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù.

Ọjọ́ tí aránṣọ wá gba díìsì, "Ẹ ó débẹ̀ láyọ̀" nìkan ló lè sọ.

Lọ́jọ́ kejì, màmá wọlé fúnra wọn, ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn, ó dorí kodò. Wọ́n na díìsì sí i. Ó fi í sẹ́rọ. Yéè! Aránṣọ ló yọ, kì í ṣe bàbá. Èyí tó ṣe fún ara rẹ̀ ló gbé fún wọn!

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe? Gbogbo ọ̀rọ̀ lo tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkankan ò kan ojú ọmọ mi. Ṣé àṣìṣe nìyẹn náà?"

Onífídíò dìde dúró. "Rárá, mà. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Torí pé ó ń lọ ni mi ò ṣe lè sọ ọ́."

Màmá yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ ńkọ́?"

"Màámi, búlúù etí àwòrán yẹn ò dú jù rárá," aránṣọ wí, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá bá ọmọ wọn nu omijé. "Ẹ̀gbọ́n rẹ á wá mú mi. Èmi nìkan ni màá lọ." Wọ́n mú kámẹ́rà lórí tábìlì. "Ẹ sún mọ́ra. Àwòrán ẹ̀yin méjèèjì ni kó o fi síbẹ̀, kí n máa rí ẹni tí mo fi ọmọ mi sílẹ̀ fún."

Aránṣọ di ọwọ́ onífídíò mú, ó dì í pinpin.

"Ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ wá ńkọ́?" màmá bi í.

"Màá tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, mà."