Irin Tí Ó Gba Orúkọ Méjì

Ilé iṣẹ́ kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Alder Coulee kò dédé di ti Signe Haldorsen. Ní ọdún tí wọ́n gbé Dwight, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó ta ẹṣin, ó ta oko, ó sì kó ìyá rẹ̀ àti irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ wá sí yàrá méjì tí ó so mọ́ ilé náà. Ó fín orúkọ sára irin bẹ́líìtì àwọn tí ń fi ẹṣin díje. Ó fín ọjọ́ ikú sára bàbà tí a ń kàn mọ́ pósí. Ó fín ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sára òrùka àwọn ẹlòmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé náà fi di tirẹ̀, láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè lé e jáde níbẹ̀ mọ́. Kò sì sí ẹni tí ń wọlé tọ̀ ọ́, àfi ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ láti gbé fún un.

Ọ̀sán kan tí yìnyín ń bọ́ wẹ́wẹ́ ni ó kọ́kọ́ rí Wendell Ostby. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn, ó ń gbọn bàtà rẹ̀ nù, ó sì ń gbọn ọ́n nù ṣáá, bí ẹni tí ó ti gbàgbé bí a ṣe ń wọ ilé onílé. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun kí yìnyín tó kún un, ó sì ká ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹyẹ tí apá rẹ̀ ti dá. Nígbà tí ó ṣí fìlà, omi yìnyín ṣàn láti ìpéǹpéjú rẹ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò nù ún.

"Ẹ wọlé, ọ̀gbẹ́ni," ni Signe wí. "Ilẹ̀ mi ti tutù tẹ́lẹ̀. Bàtà yín kò lè bà á jẹ́ jù báyìí lọ."

"Ẹ ṣé, mà. Merle ló ní kí n wá. Merle tó ń ta ìbọn."

Ó tú aṣọ kan sórí tábìlì. Ìbọn ìléwọ́ kúkúrú ni ó wà nínú rẹ̀, dúdú, kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ. Ó ṣàlàyé pé àgbò kan ti tẹ ọrùn-ọwọ́ òun mọ́ ẹnu ọ̀nà agbo, egungun sì jinná láìtọ́. Ọwọ́ kan kò lè gbé ìbọn náà dúró ṣinṣin mọ́. Ìbọn gígùn ilé sì wúwo fún un, a máa kọ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bí ó bá lè so ìdí ìbọn kan mọ́ ẹ̀yìn èyí kékeré, kí ó gbé e ti èjìká, yóò lè máa lé ajáko kúrò lára ọmọ àgùntàn.

Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní agbègbè náà tí kò mọ òfin rẹ̀. Bí ìdí bá ti kan ìbọn ìléwọ́, kì í ṣe ìbọn ìléwọ́ mọ́; ó ti di ìbọn èjìká tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú, èyí tí ìjọba ní ìwé orúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Àṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Orúkọ ẹni tí ó sọ ìbọn náà dà, àti ìlú rẹ̀, gbọ́dọ̀ wọ inú irin, kí ó jìn tó bí òfin ti wí.

"Mo ti tẹ̀ka, mo ti ya fọ́tò, mo ti fi ránṣẹ́," ni Wendell wí. "Ó ku kí wọ́n dáhùn. Mo ní kí iṣẹ́ yín ti wà nílẹ̀ dè wọ́n."

"Orúkọ yín nìkan, àbí àjùmọ̀ní ni?"

"Merle bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ni n ó kọ mọ́ ọn? Arlene ìyàwó mi ti kú. Ajá mi kò ní ìka."

Signe rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé ó ti pẹ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sọ́dọ̀ irin náà. "N kò ní ìwé àṣẹ láti tọ́jú ìbọn ẹlòmíràn. Kò gbọdọ̀ sùn síbí. Tí mo bá ń fín in, ẹ ó jókòó tì í. Tí mo bá dáwọ́ dúró, ẹ ó gbé e lọ ilé."

"Kí n jókòó níbo?"

"Lórí àga, ọ̀gbẹ́ni. Àbí ibòmíràn wà tí wọ́n ń jókòó sí lọ́dọ̀ tiyín?"

Báyìí ni ìjókòó náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí Wendell bá wá ra oúnjẹ ẹran ní ìlú, a yà sọ́dọ̀ Signe, a jókòó, a sì máa wo èérún irin tí ń já wẹ́wẹ́ níwájú òòlù kékeré. Signe kì í lo ẹ̀rọ. Ọwọ́ ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kìíní, wọn kò sọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ. Ní ọjọ́ mìíràn, Signe bi í bí ó ti ń se oúnjẹ.

"Mo ń ṣí agolo," ni Wendell wí.

"Àgbàlagbà bí ẹ̀yin?"

"Mo máa ń gbé e kaná o. N kì í ṣe ẹranko."

Ó sọ fún un pé ní ìgbà òtútù òun lè wà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìgbọ́ ohùn ènìyàn, títí ohùn ara òun yóò fi dẹ́rù ba òun nígbà tí òun bá pe ajá. Signe mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tirẹ̀, ìyá rẹ̀ wà, ariwo òòlù wà, síbẹ̀ ibùsùn rẹ̀ a máa tutù láti etí dé etí. Ó da kọfí sí ife kejì, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Wendell tí ó ti dá.

Ìyá rẹ̀, Màmá Borghild, jáde láti inú yàrá wá ní ọjọ́ kan, ó yọjú sí iṣẹ́ náà.

"Signe, lẹ́tà wo lo wà?"

"L kejì, Màmá."

"L kejì! Ọmọ yìí tó fín gbogbo orúkọ àwọn tó kú lógun sára bàbà kí ọbẹ̀ mi tó hó?" Ó yíjú sí Wendell. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀yin náà ẹ máa wò ó. Ó ń fi yín ṣeré."

Ojú Signe pọ́n títí dé etí. "Màmá," ni Wendell wí, "n kò kánjú rárá."

Láti ọjọ́ náà ni "ẹ̀yin" ti yà kúrò ní ẹnu wọn, tí "ìwọ" sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. WENDELL OSTBY parí nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Orúkọ ìlú ni ó kù, wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ìgbà tí àgùntàn bá bímọ tán, nítorí olùṣọ́-àgùntàn kì í kúrò ní oko ní ìgbà náà.

Agbo gba Wendell lọ́wọ́ Signe pátápátá. Signe lo ọ̀pọ̀ ọ̀sán láìrí i. Ó máa ń da kọfí sí ife méjì, lẹ́yìn náà a da ọ̀kan padà. Nígbà tí ó ṣe, ó yan lẹ́fsẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ànàmọ́ ṣe, ó fi aṣọ wé e, ó sì wakọ̀ lọ sí oko Ostby. Ọ̀nà náà gùn, kò sí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, koríko nìkan àti ọ̀run.

Wendell ń bọ̀ láti inú agbo, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ àgùntàn wà ní apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ayọ̀ sì bo ojú rẹ̀. "Ìwọ ni! Dúró, má fọwọ́ kàn mí, mò ń rùn bí òbúkọ."

"Mo ti gbóòórùn rẹ láti títì," ni Signe wí. Ó na ọwọ́ sínú ọkọ̀ Wendell láti gbé búrẹ́dì náà sórí ìjókòó. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Ìbọn náà wà lórí ìjókòó. Ìdí wà lára rẹ̀.

"Wendell. Ṣé àṣẹ ti dé?"

"Rárá. Merle ló ní, 'Ta ni yóò rí i, bí kì í ṣe ajáko?' Wọ́n ti jẹ ọmọ àgùntàn mẹ́ta, Signe. Mo ní tí àṣẹ bá dé, kí ló máa yàtọ̀? Orúkọ mi ti wà lára rẹ̀."

"Ẹ̀wọ̀n ló máa yàtọ̀." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ohun tí Dwight ọkọ mi àtijọ́ sọ gan-an nìyẹn kí wọ́n tó gbé e lọ. 'Ta ni yóò rí i?' Mo jókòó lẹ́yìn gíláàsì ẹ̀wọ̀n, mo ń bá a sọ̀rọ̀ nínú fóònù, wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bó bá rí ekòló a sá. Mo rò pé mo ti rí ọkùnrin kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró."

"Signe, olólùfẹ́ mi..."

"Má fi orúkọ yẹn pè mí lónìí."

Ó gbé búrẹ́dì náà lé orí òpó ọgbà, ó sì wakọ̀ lọ. Wendell tú ìdí náà kúrò kí eruku ọkọ̀ tó rọ̀. Ó mọ̀ pé ohun tí òun tú kì í ṣe ohun tí ó bàjẹ́.

Ìgbà ìrúwé náà jẹ́ èyí tí ó dákẹ́ jù lọ fún àwọn méjèèjì. Wendell jẹ oúnjẹ agolo láìgbé e kaná. Ó ń sùn nínú ọkọ̀ ní etí agbo, ìbọn gígùn lórí orúnkún, ó sì ń tasé. Ní Alder Coulee, Signe gba iṣẹ́ ju bí ọwọ́ rẹ̀ ti lè ṣe lọ, ó fín orúkọ àjèjì sára ife ẹ̀yẹ, kò sì gbọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é jẹun.

"Ọkùnrin yẹn ṣe àṣìṣe," ni Màmá Borghild wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀, Màmá."

"Dwight náà ṣe. Ṣùgbọ́n Dwight bínú nígbà tí o ká a mọ́ ọn. Ṣé eléyìí bínú?"

Signe ronú lé e lórí.

Kò pẹ́ sí i ni Wendell dé. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró gbọn bàtà. Ó gbé ìdí ìbọn náà tí ó fi àpò wé sórí tábìlì, ó sì dúró bí ọmọ ilé ìwé.

"N kò wá bẹ̀ ọ́ kí o gbàgbé," ni ó wí. "Mo ti fa ìwé mi yọ lọ́dọ̀ ìjọba. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí o. Merle rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, ó ní orí mi ti dàrú. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè rí mi níbi tí mo ti ń dúró de àṣẹ."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Torí àjùmọ̀ní ni mo fẹ́ kọ lọ́tẹ̀ yìí. Tí mo bá kú, tàbí tí wọ́n bá gbé mi lọ ilé ìwòsàn, ẹni tó bá wà nílé mi kò ní di ọ̀daràn torí pé ìbọn mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Agbẹjọ́rò ní kí n fún un lórúkọ. Mo ní, Wendell Ostby àti Signe Haldorsen, Àjùmọ̀ní. Mo fi tèmi ṣáájú kí orúkọ tí o ti fín má baà ṣòfò; tìrẹ yóò tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ìgbéraga. Ṣùgbọ́n o ní láti tẹ̀ka, kí o ya fọ́tò. Bí o bá kọ̀, n ó fà á ya."

"Ẹni tó bá wà nílé rẹ. Ìgbéyàwó lò ń bi mí ni, àbí ìbọn?"

"Ìgbéyàwó ni. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ìbọn ni mo mọ̀ ọ́n sọ."

"Jésù Olúwa!" ni Màmá Borghild kígbe láti inú yàrá. "Dá a lóhùn, kí ọbẹ̀ mi má jóná!"

Ní ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, olórí ọlọ́pàá agbègbè náà, obìnrin tí ń tẹ̀ka fún ènìyàn yí ìka Signe nínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ó sì mi orí. Irin àti òòlù ti jẹ ìlà ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún nù ún. "Mà, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ní ìka?" Nígbà tí ó kan Wendell, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Signe fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Kò sí èyí tí ó kọ́kọ́ jọ̀wọ́ èkejì.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ilé ìjọsìn ìjọ Lutheran ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Merle wọ táì. Signe gba ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó sì ti ìdí ìbọn náà mọ́ inú àpótí ìyá rẹ̀ ní Alder Coulee, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọrùn. Ìjọba kò tíì dáhùn. Ajáko ṣì ń wá sí agbo.

Gbèsè kan ṣoṣo ni Wendell Ostby jẹ ìyàwó rẹ̀ báyìí: bí ajáko bá tilẹ̀ jẹ agbo náà tán, kò ní béèrè kọ́kọ́rọ́ náà títí àṣẹ yóò fi dé.