Ọwọ́ Tó Ń Mú Orí Fúyẹ́

Àkọ́bí káfíńtà kú lórí itan ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Kò ṣàìsàn. Orí ló ní ó ń fọ́ òun. Ìyá àgbà tẹ orí ọmọ síwájú, ó ń rọra fọwọ́ pa á bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó pè é, ọmọ kò dáhùn mọ́.

Kò pẹ́ tí orí tún fi ń fọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Á sunkún títí, àfi bí ìyá àgbà bá tẹ orí rẹ̀ síwájú ni ara máa ń tù ú. Ìyẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

"Ẹni tó so okùn ló mọ ojú ibi tí wọ́n ti ń tú u," ni ìyàwó káfíńtà wí. "Èmi tí mo bí i, kí ló dé tí orí rẹ̀ ò gbọ́ tèmi?"

Àwọn ará ilé gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ dúdú kan ń bà sórí òrùlé ìyá àgbà nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹyẹ kan náà ń bà sórí ilé alágbàfọ̀ tó wà nítòsí, ẹnikẹ́ni kò bá alágbàfọ̀ ṣẹjọ́.

Káfíńtà lọ bá ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ìyá àgbà ní, "N ò mọ̀, ọmọ mi."

Káfíńtà kà á sí ìjẹ́wọ́. Ó kó ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sí ahéré kan lẹ́yìn abúlé, ó ní kó máa gbé ibẹ̀.

Nígbà tí orí tún fọ́ ọmọ obìnrin náà títí tó fi dákú, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Dókítà ọpọlọ ya fọ́tò inú orí rẹ̀. Ó ní àpò omi kékeré kan, bí ẹyọ ẹ̀wà, ló wà láàárín ọpọlọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń dí ọ̀nà tí omi orí ń gbà, bó bá sì dí i pa, ènìyàn lè kú lójijì. Ó béèrè ohun tó ń tu ọmọ lára. Káfíńtà sọ fún un.

"Bí ìyá yín bá ti tẹ orí rẹ̀ síwájú, àpò náà á yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà omi," ni dókítà wí.

"Èyí tó kú ńkọ́?"

"A ò yẹ orí tirẹ̀ wò, n ò lè búra. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó lè mú ọmọ ìyá méjì."

Wọ́n lu ihò kékeré sí agbárí ọmọ, wọ́n ti ọ̀pá tín-ín-rín tó ní iná lẹ́nu wọ̀ ọ́, wọ́n yọ àpò náà. Bí ọmọ ti jí, ó kọ́kọ́ béèrè ìyá àgbà.

Wọ́n mú ọmọ lọ sí ahéré. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, káfíńtà sì ro ọ̀rọ̀ dókítà fún ìyá rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ọmọ sáré lọ dì mọ́ ìyá àgbà, ìyá àgbà sì tì í padà.

"Ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi."

"Ìyá mi, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Dókítà rí i."

"Dókítà ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lórí itan mi. Gbogbo ayé ló ní èmi ni. Ìwọ tí mo bí náà sọ ọ́. Mo ti gbà."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ń kan ilẹ̀kùn, ó ń pè é. Ìyá àgbà ń sunkún nínú ilé, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ, kí òun má baà tún pa á.