Mo Ṣọ́ Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Gbogbo ẹbí ti pé sí pálọ̀ fún ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n Rhoda, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Akínyẹlé, ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ. Ó ní òun kò gbé e jáde.

Ní Ìdóàní ni, lọ́dún 1981, nígbà tí onígbáméjì, àrùn ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, ń jà. Ife omi kan ṣoṣo la máa ń fi sọmọ lórúkọ nílé wa: a ó fi kan ọmọ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹbí yóò mu nínú rẹ̀. Ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ìyàwó tó bá ń fi ọmọ pamọ́ fún ẹbí ọkọ ní ohun tó ń bò, ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kì í ṣe tiwa. Ó ní kí n máa ṣọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju iṣẹ́ ilé ìwé lọ.

Ohun tí mo rí kò dáa lójú mi. Rhoda ń da àgbo tí Ìyá sè fún ọmọ nù. Kì í sùn, ó sì ń fọwọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà mìíràn ọmọ á máa ké, yóò kàn máa wò ó. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, mo sì fi irọ́ kan kún un, pé mo rí i tó ń kọ lẹ́tà sí ọkùnrin kan. Ìyá ní tó bá di Sátidé, òun yóò gba ọmọ, Rhoda yóò sì padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹmùrẹ̀-Ilé. Ẹ̀gbọ́n mi kò takò ó.

Lọ́sàn-án Fúráìdé, mo gbé omi lọ fún Rhoda. Ó ń sunkún.

"Ìbàdíàrán," ló pè mí, "nígbà tí mo ṣì lóyún ọmọ yìí ni mo ti ń rí òkú tí wọ́n ń gbé kọjá. Láti ìgbà náà ni àyà mi ti ń já. Mo rò pé omi ìsọmọlórúkọ yẹn ni yóò pa á. Mo ń wo ọmọ mi báyìí, ọkàn mi kò fà sí i rárá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Gbogbo yín lẹ ń ṣọ́ mi."

Ojú tì mí. Mo sáré lọ pe Nọ́ọ̀sì Theresa ní ilé ìwòsàn ìlú wa, mo sì jẹ́wọ́ irọ́ mi níwájú Ìyá. Nọ́ọ̀sì ní àárẹ̀ ọpọlọ ni, ó máa ń ṣe àwọn abiyamọ mìíràn lẹ́yìn ìbímọ, ìbẹ̀rù àrùn ló sì mú un le. Ó ní ìbẹ̀rù Rhoda nípa omi yẹn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí onígbáméjì máa ń ti inú omi ranni. Ìyá ní Rhoda kò ní padà sílé bàbá rẹ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́fà ni Rhoda fi gba ìtọ́jú ní Ọ̀wọ̀ kí ara rẹ̀ tó yá. Ó dárí jì mí. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá wọlé bá a níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dákẹ́.

Bí ẹ bá rí abiyamọ tí ìwà rẹ̀ yí padà, ẹ má ṣọ́ ọ bí olè. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, kí ẹ sì tètè pe ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀.