Èéfín Funfun Lójú Ọ̀nà Ọ̀yẹ́

Inú èéfín ni Títílọlá ti kọ́kọ́ rí i. Èéfín funfun báláú ni, ó nípọn bí òwú, ó sì bo ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, kí fóònù alágbèéká tó dé agbègbè wa. Bàbá ti dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wúkọ́. Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbá èéfín náà sápá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan yọ láàárín rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ohunkóhun kò lé.

"Ẹ kúu wàhálà, Bàbá," ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Súnkànmí lorúkọ mi. Wọ́kìṣọ́ọ̀bù mi ló wà níwájú yẹn. Ẹ má ì pa ẹ́ńjìnnì náà." Ó yíjú sí Títílọlá. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní áńkáṣíìfù funfun tó wà lọ́wọ́ yín."

"Èyí? Áńkáṣíìfù tí mo fi ń kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi nìyí o!"

"Bí mo bá bà á jẹ́, n ó ra méjì."

Ó na áńkáṣíìfù náà sí ẹnu sàlẹ́ńsà, ibi tí èéfín ń gbà jáde. Nígbà tó gbé e wá, ó tutù, ṣùgbọ́n kò ní àbàwọ́n kankan.

"Ọkọ̀ onítọ́bò ni tiyín," ó ní. "Tọ́bò dà bí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan tí èéfín ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń yí. Òun ló ń ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Bí irú ọkọ̀ yìí bá ń rú èéfín funfun, ó lè jẹ́ omi ló ń jóná nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ́ìlì ló ń gba inú tọ́bò jò. Áńkáṣíìfù ní omi ni. Òórùn rẹ̀ ló kù. Àǹtí, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Ta ni mẹkáníìkì nínú àwa méjèèjì?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Bàbá má baà gbọ́. "Mo ṣàìsàn kan ní kékeré. Láti ìgbà náà, imú mi kò gbóòórùn mọ́. Ẹ má sọ fún àwọn oníbàárà mi."

Títílọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Súnkànmí dá a dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó ń rùn bíi ṣúgà tó jóná."

"Omi rédíétọ̀ nìyẹn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé, imú mi."

Nígbà tó tún ọkọ̀ náà ṣe tán, tó sì gbé e wá sílé wọn ní Ìkọ̀lé, èéfín ti lọ. Áńkáṣíìfù tuntun méjì ló mú dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ kò bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Títílọlá ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó bá a lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀.

"Ṣé mọ́tò kan tún ń rú èéfín ni?" Títílọlá bi í.

"Ọkàn mi ni."

"Omi ni àbí ọ́ìlì?"

"N kò mọ̀. Ìwọ ni imú mi. Bá mi wò ó."

Títílọlá fi ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bojú, ó sì rẹ́rìn-ín títí. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Súnkànmí mọ̀.

Bàbá Títílọlá jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, òun náà sì ni bàbá ìjọ. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí Súnkànmí wá fi ara rẹ̀ hàn. Màmá, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin aládùúrà, ló béèrè ọ̀rọ̀.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Ifáṣọlá alágbẹ̀dẹ ní Òsì ni mí, mà."

Ojú Màmá yí padà. "Ulé tí wọ́n ti ń bọ Ògún?"

"Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, mà. Bàbá mi nìkan ló ṣì ń bọ ọ́."

"Irin ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, irin náà ni ìwọ ń fọwọ́ kàn." Màmá dìde. "N ó gbàdúrà sí i ná."

Àdúrà náà kò tíì parí tí èéfín funfun fi padà. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó bo àwọn akọrin mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ ò rí i?" Màmá ní. "Ọwọ́ ọmọ Ifáṣọlá náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá létí. Ó ránṣẹ́ pe Súnkànmí. "Wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé, kí o wá ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí lójú mi. Bí o bá rí i, a ó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bí o kò bá rí i, fi ọmọ mi sílẹ̀."

Títílọlá fi ẹkún gbàdúrà lọ́sẹ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Súnkànmí ṣí rédíétọ̀ wò. Omi rẹ̀ kún dáadáa. Ó na áńkáṣíìfù sẹ́nu sàlẹ́ńsà. Kò tutù lọ́tẹ̀ yìí, àbàwọ́n ọ̀rá ló wà lára rẹ̀. Ó fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti gòkè ré kọjá àmì.

"Imú mi," ó pè é jẹ́jẹ́, "jọ̀ọ́."

Títílọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe ṣúgà. Kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì nìkan pẹ̀lú. Òórùn kan wà nínú rẹ̀ tó ti mọ̀ láti kékeré, òórùn tó máa ń wà níwájú orí rẹ̀ bí ibà bá ń ṣe é tí Màmá sì kúnlẹ̀ tì í. Òróró àdúrà! Ó gbójú sókè wo fèrèsé yàrá Màmá. Kọ́tìnnì rẹ̀ mì.

Bó bá sọ ọ́ síta, gbogbo Ìkọ̀lé ni yóò fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dákẹ́, olólùfẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó sún mọ́ Súnkànmí, ó sọ ọ́ sí i létí. Súnkànmí nu géèjì náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọ́ìlì ló kún jù. Tọ́bò kò rí ibi dá a padà sí, ló ṣe ń tú u sínú sàlẹ́ńsà. Bí mo bá da gbogbo rẹ̀ nù, tí mo fọ ojú ọ̀nà rẹ̀, tí mo sì rọ tuntun, ó parí."

"Ta ló rọ ọ́ kún? Ìwọ lo fọwọ́ kàn án kẹ́yìn."

Súnkànmí wolẹ̀. "Ẹ kà á sí mi lọ́rùn, sà."

"Irú àìbìkítà yìí?" Bàbá mirí. "Ọwọ́ ẹ ni n ó wá fi ọmọ mi lé?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá jáde pẹ̀lú ìgò òróró tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, omijé lójú.

"Kì í ṣe òun, Bàbá Títí. Èmi ni. Láti ìgbà tó ti wá tọrọ ọmọ, n kò yéé da òróró àdúrà síbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì, kí ohun tó bá bá a wá láti ulé bàbá rẹ̀ lè jáde."

"Sínú ẹ́ńjìnnì?" Bàbá la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi jábọ́. "Abájọ! Mo ní kí ló dé tí ọkọ̀ mi ń rùn bí ìsìn ìwòsàn!"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Súnkànmí ló ń wò. "Mo rí i tí ọmọ yìí sọ ọ́ sí ọ létí. Kí ló dé tí o fi gbé e ru ara rẹ?"

"Àdúrà lẹ ń gbà, mà. N kò lè dójú ti ẹni tó ń gbàdúrà."

Màmá nawọ́ sí i. "Kó ọwọ́ rẹ wá."

Ọwọ́ náà dúdú fún gírísì. Súnkànmí fẹ́ nù ún, Màmá kọ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà." Ó da ìyókù òróró náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi tirẹ̀ bò wọ́n. "Ọwọ́ yìí ni mo ń bẹ̀rù. Olúwa, dárí jì mí. Bù kún uṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ yìí ni kó fi tọ́jú ọmọ mi."

Bàbá ló kọ́kọ́ ṣe Àmín. Títílọlá sì tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Bàbá Ifáṣọlá wá láti Òsì nínú aṣọ funfun, ó jókòó jẹ́jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá sì bá a ṣí ìwé orin lọ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá náà kò mọ̀wé kà. Ọkọ̀ Bàbá ló dúró síta de ìyàwó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn wọ̀ọ̀.

Kí Títílọlá tó wọ ọkọ̀, ó gbá aṣọ ìyàwó rẹ̀ jọ, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ nídìí sàlẹ́ńsà. Àwọn akọrin pariwo, Màmá bo ojú.

"Kí lo gbọ́, imú mi?" Súnkànmí bi í.

Títílọlá nàró, ó gba áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́ Súnkànmí, ó sì fi nu imú.

"Dísẹ́ẹ̀lì lásán ni, ọkọ mi. Jẹ́ ká máa lọ sílé."